Bí Mo Ṣe Rìn Lórí Ìjókòó

Akọ̀wé ni wọ́n ń pe èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ládùúgbò wa, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Bàbá Aránbàtà, ọmọ àgbẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí kò jókòó sí ilé ìwé rí. Àwọn elétò ìlera ń ṣe ìwádìí lágbègbè wa. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tí ọ̀rá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó fà á. Wọ́n ní kí ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ máa kọ ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọn yóò gbà á lópin. Bàbá ní òun yóò máa sọ, kí n máa kọ. Mo ní n óò kọ, àmọ́ mi ò ní kọ irọ́. Ó ní ta ló bẹ̀ mí ní irọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Kọ ọ́ pé ara mi le. Kọ ìyẹn ṣáájú. Mo jí, mo wẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì tí bọ́tà bò mọ́lẹ̀ àti ẹyin díndín méjì, mo sì ti rán bàtà mẹ́rin kí oòrùn tó mú. Aláìsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní òpópónà wa. Òní ló mú èsì dé. Ìwé náà ní àwọ̀ mẹ́ta: àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, àwọ̀ iyanrìn láàárín, pupa lókè. Orí ewé ni àmì Télọ̀ wà. Orí pupa ni tèmi.

Télọ̀ àti èmi jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Tó bá jókòó, àga á ké. Èmi rèé, ọdọọdún ni ìyàwó mi ń dín ìbàdí ṣòkòtò mi kù. Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì pé wọ́n ti ṣi ìgò ẹ̀jẹ̀ wa gbé fún ara wa.

Ó ní, “Bàbá, orúkọ yín ló wà lára ìgò.”

Mo ní, “Ẹ wo èmi, ẹ wo òun. Lára ta lọ̀rá wà?”

Ó ní ọ̀rá tí ojú ń rí ọ̀tọ̀, èyí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ọ̀tọ̀, pé ẹni tínínrín lè ní in, ẹni tó sanra sì lè má ní in.

Télọ̀ kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi gbé tèmi síta kí gbogbo ayé rí i. Ẹ̀yin lẹ fi tiyín pamọ́.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Nọ́ọ̀sì tún dé pẹ̀lú ìbéèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni mí, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, wákàtí mélòó ni mo fi ń jókòó. Mo ní láti ìgbà tí mo bá ti dé títí n óò fi lọ. Ó ní sìgá ńkọ́? Mo ní mẹ́fà lóòjọ́. Ìyàwó mi húkọ́ nínú yàrá. Mo ní mẹ́wàá.

Ó ní, “Baba yín ńkọ́? Àìsàn wo ló ṣe wọ́n?”

Mo ní baba mi kò ṣàìsàn rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ náà kọ ọ́, òótọ́ ni mo sọ.

Ó ní dókítà ti kọ oògùn fún mi, hóró kan lóòjọ́. Mo ní mi ò lè máa gbé oògùn mì nítorí ohun tí kò dùn mí. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, kí n kọ́kọ́ dín ọ̀rá kù lẹ́nu, kí n máa rìn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a ó tún ẹ̀jẹ̀ fà. Tó bá ṣì wà lórí pupa, oògùn ni. Mo gbà. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ka ìṣísẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, torí ìbàdí ló yẹ kó wà, àmọ́ okùn ni mo fi ń so ṣòkòtò, mi ò ní bẹ́líìtì. Ó so irú rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù wa, tẹni tó wà lórí ewé, tẹni tó wà lórí pupa, kí wọ́n lè fi wá wé ara wa. Ó ní kí n rin ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìṣísẹ̀ lóòjọ́.

N kò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ nọ́ńbà. Ta ni yóò máa bá mi ka ìwọ̀n bàtà?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ mi obìnrin yà sọ́dọ̀ wa láti ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn tábìlì ni òun náà ń jókòó látàárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, kò sanra, kò mu sìgá rí. Ó na ìwé tirẹ̀ sí mi. Orí pupa.

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn kan ń jogún ilé. Ọ̀rá lèmi jogún.”

Mo ní mi ò tíì kú, kó má tíì pín ogún.

Ó ní, “Bàbá mi, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe ni n óò ṣe. Tẹ́ ẹ bá rìn, n óò rìn. Tẹ́ ẹ bá gbé oògùn mì, n óò gbé e mì. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, èmi náà kọ̀ nìyẹn.”

Ìyàwó mi ní, “Ta ló jọ báyìí?”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Bọ́tà ti sá kúrò nílé. Mo wá a lẹ́yìn ìkòkò, mo wá a lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni mo jẹ. Ẹja ti wọ́n ju ẹran lọ báyìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ohun kan ṣẹlẹ̀. Mi ò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lónìí àfi ìgbà tí mo lọ tọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ní mo ti rin ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Mo ní kí Télọ̀ wo tirẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

A wojú ara wa. Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ padà sórí irin tí a fi ń tẹ máṣíìnì, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà sì ń sáré. Ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, nọ́ńbà sáré kíákíá. Èmi náà ń tẹ máṣíìnì tí mo fi ń rán awọ látàárọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn àjò.”

Mo ní, “Níbo la dé?”

Ó ní, “A ti kọjá afárá. Tá a bá rán ṣòkòtò kan sí i, a ó dé ìlú kejì.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Akọ̀wé bi mí bóyá kí òun kọ ọ́ pé mo rìn. Mo ní kó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kà á. Àwọn ni wọ́n ni ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n so ó síbẹ̀. Kí ló kàn mí?

(Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Akọ̀wé.)

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Nọ́ọ̀sì wá da nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ yìí kọ. Ó ní nínú àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó rìn tó èmi àti Télọ̀ ní gbogbo agbègbè. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Télọ̀ dìde, ó tẹrí ba fún wọn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò. Bàtà mẹ́fà ló ṣí lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ̀rún méjìlá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ mi gbé bàtà rẹ̀ wá kí n bá a pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fẹsẹ̀ rìn dé ilé láti ibi iṣẹ́, látọjọ́ tó ti gbọ́ pé mò ń rìn. Mo yí bàtà náà padà. Gìgísẹ̀ ti jẹ lápá kan, iwájú ti tán pátápátá. Bàtà ẹni tó ń rìn ni.

Mo bọ́ tèmi, mo yí i padà. Ọdún tó kọjá ni mo fi awọ tuntun sí i. Ojú ọ̀bẹ tí mo fi gé e ṣì hàn lára rẹ̀.

Má kọ ìyẹn. Ó dáa, kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan ṣáájú àfi omi. Ebi pa mí débi pé mo ń wo agolo gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ bàtà, ó ń jọ oyin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Èsì dé. Pupa ni mo ṣì wà, mo tún gòkè díẹ̀. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò tíì kúrò lórí pupa.

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó tẹ́ ìwé sórí itan. Ó ní ohun tó ń bá pàdé ní òpópónà wa kò yé òun. Ní gbogbo ibòmíràn, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń rìn dáa ju ti àwọn tó ń jókòó lọ. Níbí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rìn jù ni ẹ̀jẹ̀ wọn burú jù. Ó ní, “Ó jọ pé ìrìn kò ran àwọn èèyàn yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n óò kọ ọ́ sí àwọn ọ̀gá wa.”

Télọ̀ ń fi okùn sójú abẹ́rẹ́ tí okùn ti wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà ń kan ìṣó sí bàtà tí mo ti kàn tán.

Ó ní oògùn ti kàn báyìí. Ó gbé páálí kan sórí tábìlì mi, ó ní ọmọ mi ti gba tirẹ̀. Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, sáàárín ìṣó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ọmọ mi wọ mọ́tò wá. Mo ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun ti fi ìrìn sílẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rin ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, kí ló ṣe fún yín? Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò wúlò níbí. Kí ni mo ń fìyà jẹ ẹsẹ̀ mi fún?”

Mo ní, “Oògùn ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ ti gbé tiyín mì?”

Mo wo àwo oúnjẹ mi.

“Ẹ ṣé. Ó parí nìyẹn.” Ó din ẹyin mẹ́ta, ó fi búrẹ́dì nu àwo, ó ń sọ ìtàn oníbàárà kan fún ìyá rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ mi tutù síwájú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tí n óò sọ lónìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ìyàwó mi.

Àgbẹ̀ ni baba mi. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́, á fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ọ̀nà náà sì jìn. Ó tínínrín bí èrùkọ́. Kì í mu sìgá. Mi ò rí i kó sùn sílé ní ọ̀sán rí, orí kò fọ́ ọ rí. Ìgbà tí mo sọ pé kò ṣàìsàn rí, irọ́ kọ́.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, a ń gbin nǹkan. Ó wà ní ìkángun kejì poro, mo wà ní ìkángun kan. Mo rí i tó nàró. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kì í gbé ọkọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń gbá a mọ́lẹ̀. Ó jókòó. Ó sùn sílẹ̀. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Inú mi dùn pé mo máa ṣiwájú rẹ̀ lónìí, mo gbin poro mi tán kó lè yìn mí tó bá jí. Kò jí mọ́.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, kò pé àádọ́ta. Iṣẹ́ oko ni mo sá fún tí mo fi kọ́ṣẹ́ bàtà. Mo rò pé ilẹ̀ ló pa wọ́n.

Nọ́ọ̀sì bi mí ohun tó ṣe é. Ohun tó bá mi lára mu ni mo fi dá a lóhùn. Ọmọ mi sì ti pé mẹ́rìnlélógójì.

Akọ̀wé, o ti dá ọwọ́ dúró. Máa kọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo dé fìlà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn, mo mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì, mi ò kí i dáadáa. Mo jókòó, mo so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń rán bàtà. Mo ní kó wo nọ́ńbà.

Ó wò ó. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sáré wọlé wá wo ẹni tí nǹkan ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan jáde.

“Bàbá, télọ̀ mélòó ló wà ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù yín?”

Mo ní mẹ́rin, àti aránbàtà méjì.

“Gbogbo wọn ń tẹ máṣíìnì?”

Mo ní, “Gbogbo wa ń jókòó.”

Ó fa ìlà sórí orúkọ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní òun ì bá ti kọ̀wé pé kí àwọn èèyàn má wulẹ̀ rìn mọ́. Mo ní Télọ̀ ńkọ́, tó ń jókòó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì mọ́? Ó ní wọn kì í fi ẹnì kan mọ ohun tó ń ṣe ìlú, ìdí tí wọ́n fi ń ka gbogbo wa nìyẹn.

Mo wá ní ohun mìíràn ṣì wà. Mo sọ ti baba mi. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó kọ ọ́ títí. Ó ní bí baba tàbí ẹ̀gbọ́n èèyàn bá ṣubú lójijì láìtíì dàgbà, ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló wà, ìrìn àti oúnjẹ á dín in kù, àmọ́ ó lè má ká a. Ó ní, “Ṣé ọmọ yín mọ̀?”

Mo ní rárá.

Ó ní, “Ta ló fẹ́ sọ fún un?”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gé awọ, mo rán bẹ́líìtì mẹ́fà, mo dá ihò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ẹ̀rọ yóò wà. Láti òní lọ, ìbàdí la ó máa so ó mọ́. Ti Télọ̀ gba awọ tó tó èèyàn méjì. Ó tẹ máṣíìnì rẹ̀ títí di ọ̀sán, nọ́ńbà kò mira. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dá mi padà láti ìlú òkèèrè.”

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn mí, ọmọ mi kò gbójú sókè.

“Kí lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́?”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ni.”

Ó gbójú sókè. Mo kọ́kọ́ sọ ti máṣíìnì fún un. Ó fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ń pòṣé. Lẹ́yìn náà mo sọ ti baba mi, ní kúkúrú, bí mo ṣe sọ ọ́ fún Akọ̀wé.

Ó ní, “Mẹ́rìndínláàádọ́ta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n sì ń rìn.”

“Ó rìn ju gbogbo wa lọ.”

Ó ní, “Ìrìn nìkan ò tó fún irú wa nìyẹn.”

Mo ní, “Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.” Mo yọ páálí oògùn lápò. Òun náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ tirẹ̀, kò tíì ṣí i rárá. Ó bu omi sí ife.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú.”

“Ìwọ ṣáájú.”

“Bàbá mi.”

Ọkùnrin ẹ̀yìn mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan gbé nǹkan mì níbẹ̀, mo ní lẹ́tà lọ́wọ́.”

A jọ gbé e mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Sìgá méjì. Ojú mi le sí gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kò sí sìgá. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ràn mi, àmọ́ kí n lọ bínú níta. Télọ̀ tẹ̀ lé mi, a rìn dé ẹ̀bá odò, ó ń mí bí ẹwìrì. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ ń pè wá ní Abẹ́rẹ́ àti Ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Èmi àti ọmọ mi rìn dé oko baba mi. Ẹlòmíràn ló ń dá a báyìí, ó kí wa dáadáa. Mo fi poro náà hàn án. Ọmọ mi dúró ní ìkángun kan, ó ní kí n dúró ní èkejì, a wo ara wa láti òkèèrè. Kò jìn tó bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé. Ẹ̀jẹ̀. Ebi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Nọ́ọ̀sì kó èsì dé, gbogbo ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù dúró. Ọmọ mi ti wà lórí ewé, ní etí rẹ̀. Èmi wà láàárín, lórí iyanrìn, mo ti kúrò lórí pupa. Nọ́ọ̀sì ní oògùn, ẹsẹ̀ àti ẹnu ló jọ ṣe é, kí a má ṣe fi ìkankan sílẹ̀.

Ó na ọwọ́ gba ìwé yìí. Akọ̀wé rọra bi mí bóyá kí òun yọ ojú ewé ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, níbi tá a ti kọjá afárá lórí ìjókòó. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìṣísẹ̀ àwọn télọ̀ lọ́jọ́ mìíràn yóò fẹ́ mọ̀.

Kí n tó tẹ̀ka, mo bọ́ bàtà mi, mo yí i padà. Gìgísẹ̀ ti jẹ lápá kan. Lọ́la n óò fi awọ tuntun sí i, ti ara mi.

Bàbá kọ íǹkì èmi Akọ̀wé. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú pólíṣì dúdú tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbí níṣojú wa.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Télọ̀, tó ní dandan kí n kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun kò kúrò lórí ewé rí.

Ẹlẹ́rìí kejì: ọmọ Bàbá Aránbàtà obìnrin, tó fẹsẹ̀ rìn wá, tó sì gbé hóró tòní mì lójú baba rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.